Ọmọ tí wọ́n ń pè ní ọlọ́fìtínà: ọ̀sẹ̀ kan ní Jos

Òtútù ti mú mi kí ọkọ̀ wa tó wọ Jos. Ìlú náà fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju òkun lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa bá àwọn èèyàn ibẹ̀ nínú súwẹ́tà nígbà tí ẹni tó wà ní Ìbàdàn ń wá fáànù kiri. Ọ̀dọ̀ bọ̀dá mi ni mo lọ. Ó pẹ́ tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń gbé níbẹ̀. Òwò, rélùwéè àti iṣẹ́ ìwakùsà tíìnì ló kó àwọn bàbá àgbà dé òkè yẹn. Wọ́n bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ sì ń sọ Hausa bí ẹni ń mumi.

Ìyàwó wa ló ránṣẹ́ pè mí. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa wo ọ̀rọ̀ ọmọ yín." Iléèwé ti kọ lẹ́tà: bí ọmọkùnrin ọmọ ọdún 10 yìí kò bá yí padà kí táàmù tó parí, kí wọ́n wá ibòmíì gbé e lọ.

Mo fi ojú ara mi rí i. Wọ́n rán an ní iyọ̀, ó bá aláǹgbá pàdé lójú ọ̀nà, iyọ̀ di ìtàn. Ìṣirò 10 péré, ó ti jókòó tì í láti aago mẹ́rin. Nígbà tí aago méje lù, mẹ́ta ló tíì ṣe. Bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí mọ orúkọ gbogbo ibùdókọ̀ láti ilé wọn dé Bukuru. Kò gọ̀. Bọ̀dá mi ti nà án títí ó fi sú wọn.

Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi, nítorí náà orúkọ tí wọ́n ń pè é ni etí mi kọ́kọ́ gbọ́. "Ọlọ́fìtínà" nínú ilé, "ɗan fitina" lẹ́nu aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, inú èdè Lárúbáwá ló ti wá, ìdánwò ló sì ń jẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. A ò ní orúkọ kan pàtó ní Yorùbá fún ohun tí àwọn dókítà ń pè ní ADHD, àfi èébú. Mo rò pé ìyẹn náà wà lára ìṣòro wa.

Yunifásítì Jos ní ẹ̀ka tó ń dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ tó nílò àkànṣe ìrànlọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó kàwé níbẹ̀ wá bá wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní kí a má sáré sọ pé ADHD ni. Àmì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti hàn kí ọmọ tó pé ọdún 12, ó gbọ́dọ̀ ti tó oṣù 6 ó kéré tán, kó sì hàn ju ibì kan lọ, nílé àti níléèwé. Ọmọ tí kò ríran dáadáa, tí etí rẹ̀ ń dùn ún, tàbí tí kì í sùn tó, lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Dókítà ló lè sọ. Ó ní àwọn ọmọbìnrin ni a kì í tètè rí: ọmọ á jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ á ti rìn dé Maiduguri, olùkọ́ á ní ọmọ dáadáa ni. Kì í ṣe ṣúgà ló ń fà á, kì í sì í ṣe pé òbí kò kọ́ ọmọ. Ó máa ń wà nínú ìdílé.

Ibẹ̀ ni bọ̀dá mi dákẹ́ sí. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ní, "Bí èmi náà ṣe rí nìyẹn. Ẹgba ni bàbá fi kọ́ mi. Títí dòní, mi ò lè jókòó kọ lẹ́tà kan parí."

Lọ́jọ́rú a lọ síléèwé. "Màdáàmù, ọmọ 43 ló wà níwájú mi," ni olùkọ́ náà wí. Kò parọ́, mo kà wọ́n. Mo ti múra ìjà lọ, ṣùgbọ́n a ò jà. Ó gbé àga ọmọ náà kúrò lẹ́bàá fèrèsé wá síwájú. Òun ni yóò máa nu pátákó, tí yóò sì máa kó ìwé àwọn yòókù jọ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ríṣẹ́ ṣe. Àṣẹ kan lẹ́ẹ̀kan: kó ṣí ìwé ná, kó tó kan pé kó kọ déètì. Èyí tó wù mí jù ni ìwé pélébé kan tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ilé àti iléèwé. Ohun méjì péré ló wà nínú rẹ̀: ó parí iṣẹ́ kíláàsì, ó nawọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Olùkọ́ á máa sàmì sí i lójoojúmọ́. Bí àmì bá wà, ọmọ náà ni yóò yan ohun tí ilé máa jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ tí a ṣèlérí fún ìparí táàmù. Fún irú ọmọ yìí, ìparí táàmù jìnnà bí ọ̀run.

Ìrẹsì la jẹ ní Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì kò sí àmì. Ó sunkún, a jẹ túwó.

Nílé, a pín ìṣirò sí méjì-méjì. Mo fi fóònù mi ka ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ó lè sáré yí ilé ká fún ìṣẹ́jú 5. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́ rárá, torí ńṣe ló jókòó tó ń wo bí nọ́ńbà ṣe ń dínkù. A da fóònù dojú bolẹ̀. Tó bá ń kàwé, ó ń kà á sókè, ó sì ń rìn kiri pálọ̀. Ojú ń kọ́ mi, ṣùgbọ́n ó ń rántí ohun tó kà. Ìyàwó wa lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn: báàgì, ìwé, pẹ́ńsù, omi. Alẹ́ ni wọ́n ń di báàgì báyìí, kì í ṣe àárọ̀ tí gbogbo ilé ń pariwo.

Lẹ́tà iléèwé ṣì wà lórí tábìlì o. Bọ̀dá mi ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà, oṣù tó ń bọ̀ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń padà, ọmọ náà gbé báàgì mi, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó ń ka bébà náà. Ó ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan kún un nísàlẹ̀: "ṣájà Àǹtí." Ó sáré padà wọlé, ó lọ mú un wá fún mi.