Ẹ̀rọ Àtijọ́ ní Òkè Padre

Padre ni àwọn ará Potogí ń pe àlùfáà ìjọ Àgùdà. Láti ara ọ̀rọ̀ yìí ni Òkè Padre ní Ìbàdàn ti gba orúkọ rẹ̀, nítorí àwọn àlùfáà tí ó tẹ̀dó sí ibẹ̀. Lórí òkè yìí, láàárín àwọn ilé tí páànù wọn ti pọ́n bí osùn, ni ọkùnrin kan ní ìsọ̀ kékeré kan sí, tí ó ń to ọ̀rọ̀ ìwé fún àwọn atẹ̀wé. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé orin ìjọ àti ìtàn ìdílé, kò sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kàn.

Kọ̀ǹpútà tí ó fi ń ṣiṣẹ́ dàgbà ju ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Windows XP tí ó jáde ní ọdún 2001 ni ó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ṣe é ti dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró láti oṣù kẹrin ọdún 2014. PageMaker ni ètò tí ó fi ń to ojú ìwé. Ilé iṣẹ́ Aldus ní Amẹ́ríkà, tí ó fi orúkọ Aldus Manutius, atẹ̀wé ìlú Venice láyé àtijọ́, sọ ara rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọdún 1985. Adobe ra Aldus ní ọdún 1994, ó sì gbé ẹ̀dà keje PageMaker jáde ní ọdún 2001. Ẹ̀dà náà ni ó kẹ́yìn.

Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fi í ṣe ẹlẹ́yà, ọkùnrin yìí kì í wá èsì tì. Láti ọdún 2013 ni Adobe kò ti ta ẹ̀dà tuntun àwọn ètò ìtòwé rẹ̀ ní àtàpa mọ́. Ẹni tí yóò lò wọ́n yóò máa sanwó lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún, bí náírà bá sì ti ń rẹlẹ̀ sí dọ́là ni ẹrù náà ń wúwo sí i. Ètò àtijọ́ kò bèèrè owó oṣù, kò sì bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn àgbà sì ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Iṣẹ́ ogún ọdún ni àkísà tí ó wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ìdílé kan tọ̀ ọ́ wá. Òun ni ó ti to ìwé ìtàn àti oríkì wọn ní ọdún 2004. Bàbá tí ó sọ ìtàn náà ti di olóògbé, ikán sì ti jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwé náà. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè kà á lórí fóònù. Ó ṣí iṣẹ́ náà, gbogbo rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ sórí kọ̀ǹpútà tuntun, àwọn lẹ́tà àjèjì ni ó hàn níbi tí ẹ́ àti ọ̀ yẹ kí ó wà.

Ohun tí ó fà á nìyí. PageMaker kò mọ Unicode, ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 láti fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nítorí náà, àwọn tí ó ń ṣe lẹ́tà Yorùbá nígbà náà a máa mú àmì tí Yorùbá kì í lò, bíi ñ ti àwọn ará Sípéènì tàbí ç ti àwọn ará Faransé, wọn a sì ya àwòrán lẹ́tà tiwa lé e lórí. Lórí bébà, ó dára. Nínú ẹ̀rọ, aṣọ àyálò ni. Bí a bá sì yọ àmì kúrò pátápátá, ta ni yóò mọ ọkọ́ tí a fi ń roko yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí a ń wọ̀, tàbí ọkọ tí ìyàwó ń fẹ́?

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀ nínú. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bèèrè pé, “Ọ̀gá, bí ẹ̀rọ yìí bá kú, ta ni yóò lè ka ìwé yìí mọ́?”

Ọ̀gá kò dáhùn. Ó mú bébà, ó to àwọn àmì àjèjì náà sí apá kan, ó sì kọ lẹ́tà Yorùbá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún sí apá kejì. Òru mẹ́ta ni wọ́n fi ń pààrọ̀ wọn lórí kọ̀ǹpútà tuntun. Lẹ́yìn èyí, wọ́n pe ìyá àgbà kan nínú ìdílé náà; ọmọ iṣẹ́ ń kà, ìyá ń gbọ́, ibi tí ohùn bá ti ṣì, ìyá a ní, “Rárá o, ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni a ń kì wá.”

Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Ọkùnrin náà kò ju ẹ̀rọ àtijọ́ rẹ̀ nù, nítorí ó ṣì ń fi to káàdì. Ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ kan tí ó tún ń fi sílẹ̀ fún un ní òun nìkan. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìwé ìdílé tí ó kù jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ náà tó dákẹ́.