Ẹ Jẹ́rìí, Ẹ Má Fo Alhaji

Leeds, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Màámi ọ̀wọ́n,

Bọ̀ọ̀dá pè mí lálẹ́ àná, wọ́n ní ẹ fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ìwòsàn Bàbá lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ò fẹ́ kí ẹ la ẹnu sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ. Wọ́n ní kí ẹ rọra fi ọrẹ sínú àwo, kí ẹ padà jókòó, nítorí ayé. Mo sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀ pé èmi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́rìí, Màámi. Gbogbo àdúgbò wa ní Lálúpọn ló gbọ́ igbe Bàbá lóru ọjọ́ tí àìsàn náà kọ lù wọ́n. Kí la tún fẹ́ fi pamọ́? Ayé tí Bọ̀ọ̀dá ń bẹ̀rù ti mọ̀ kí èmi tí mo jẹ́ ọmọ tó mọ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ẹni tó sọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní gbangba ti jìyà rí: lọ́dún 2019, ọlọ́pàá mú ọmọ Nàìjíríà kan tó ń wàásù lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin Southgate ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, wọ́n gba Bíbélì ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọlọ́pàá náà ló san £2,500 fún un, torí wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti mú un. Ní Lálúpọn, ta ni yóò mú yín? Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ fún wa nípa Ọba Isaac Babalọlá Akinyẹlé, àgbà ìjọ wa, CAC, tó di Olúbàdàn lọ́dún 1955. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọba lé lórí, síbẹ̀ Ọba náà ò fi ìgbàgbọ́ wọn pamọ́ sí àgbàlá ẹ̀yìn.

Ohun tí ẹ máa sọ gan-an ló jẹ mí lógún. Ẹ sọ ẹ̀rí náà fún mi lórí fóònù lọ́jọ́sí, omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó lẹ́yìn, mo rí i pé ẹ ní ẹ kígbe, Olúwa dáhùn, ẹ sì bá ara yín ní ilé ìwòsàn UCH. Báwo lẹ ṣe débẹ̀? Bọ̀ọ̀dá ló sọ èyí tó kù fún mi. Alhaji ilé kejì ló dìde lórí ibùsùn ní aago kan òru, tó gbé Bàbá sẹ́yìn ọkọ̀ Micra rẹ̀, tó gba Mọ́nàtán jáde sí Ìwó Road nígbà tí ojú ọ̀nà ṣófo. Owó tó ń tọ́jú fún àgbò Iléyá ló kà sílẹ̀ kí àwọn dókítà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ. Bọ̀ọ̀dá ní nígbà tó di àsùbáà, Alhaji tẹ́ páálí sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kan, ó ń kírun, ẹ̀yin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ẹ ń kọrin, títí nọ́ọ̀sì fi jáde wá ní kí ẹ̀yin méjèèjì jọ̀wọ́ rẹ ohùn sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí. Irú nǹkan báyìí lẹ fẹ́ yọ kúrò nínú ẹ̀rí?

Ti dókítà náà ńkọ́? Mo mọ̀ pé ó le láti sọ níwájú àwọn àgbà kan. Ọ̀rọ̀ oògùn wà lára ohun tó dá aáwọ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn bàbá ìjọ wa àti àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì: àwọn òyìnbó ń lo kuiníìnì, àwọn bàbá ní àdúrà nìkan tó, nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1940, kálukú ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Mi ò bá òkú ọ̀run jà. Ṣùgbọ́n ìfun Bàbá ló há, abẹ ni wọ́n fi tú u. Tí ẹ bá fo ibẹ̀ yẹn, bàbá kan lè wà níjòókòó ẹ̀yìn tí irú àìsàn yẹn ń yọ lẹ́nu níkọ̀kọ̀. Yóò ṣe Àmín, yóò lọ sílé, yóò máa retí kí tirẹ̀ lọ fúnra rẹ̀, títí yóò fi há. Ẹ̀rí yín ló máa tì í síbẹ̀. (Bàbá ò fẹ́ kí ẹ dárúkọ ìpá níwájú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ akọrin o. Ẹ pè é ní iṣẹ́ abẹ abẹ́ ikùn. Ẹni tó bá ní in lára yóò mọ̀.)

Mo gbọ́ pé àwọn ajíhìnrere ìjọ ní kí ẹ pe Alhaji wá, kí wọ́n sì ní kó jáde síwájú nígbà ìpè fún ìgbàlà. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ẹ pè é wá jẹun, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, kó sì jókòó síbi tó bá wù ú. Ẹ rántí pé Àjàyí Crowther ti di àlùfáà nígbà tó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1846, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti kó o lẹ́rú ní Òṣóògùn. Ọdún 1848 ni ìyá yẹn tó ṣe ìrìbọmi. Ìyá tó bí i lọ́mọ nìyẹn, àlùfáà sì ni ọmọ. A wá fẹ́ kí Alhaji ṣe tirẹ̀ láàárín orin méjì. Tó bá bi yín léèrè ohun tó mú yín máa kọrin lóru tí ọkọ yín wà lábẹ́ ọ̀bẹ, ẹ sọ fún un, ẹ má fi ohunkóhun pamọ́. Jésù tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ sọ, ẹ má bá a ka àléébù ẹ̀sìn tirẹ̀.

Mo ti fi owó sí àkáǹtì Bọ̀ọ̀dá. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó Alhaji kí wọ́n tó ra ìrẹsì, Iléyá ti ń bọ̀. Tí ìlù bá sì dún lọ́jọ́ náà, ẹ mú ọwọ́ Bàbá dání: dókítà ní wọn ò gbọ́dọ̀ gbé ohun tó wúwo, mo sì mọ̀ wọ́n, àga ìjọ ni wọ́n máa fẹ́ gbé jó.

Èmi ni,
Ọmọ yín obìnrin.