Fíìmù Àyìnlá ló gba kùmọ̀ lọ́wọ́ mi ní Papalántó

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú bí mi lọ́jọ́ náà débi pé n kò lè jẹun. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ dàgbà ló yá jẹnẹrétọ̀ mi, ó di oṣù kẹta kò dá a padà, àfi bí mo ṣe gbọ́ pé ó ti tà á! Mo ní màá lọ ká a mọ́ ilé ọtí lálẹ́, mo sì mú kùmọ̀ dání.

Ṣọ́ọ̀bù bọ̀dá télọ̀ kan ní Papalántó ni mo ti ń dúró kí ilẹ̀ ṣú. Fíìmù 'Àyìnlá' tí Túndé Kèlání ṣe, tó jáde lọ́dún 2021, ni wọ́n ń wò. Lateef Adédiméjì ló ṣe Àyìnlá Ọmọwúrà, ọ̀gá àpàlà, ọmọ Ẹ̀gbá tiwa gan-an. Ká má parọ́, ọmọ náà ṣe é! Orin ń dún, obìnrin ń wọ́ tẹ̀ lé e, owó ń wọlé, ìbínú náà kò sì gbẹ́yìn. Ohun tó wù mí jù ni pé Kèlání kò sọ ọkùnrin náà di áńgẹ́lì. Ohùn dídùn kò ní kí inú má bí ni jù.

Gbogbo wa la mọ ibi tó máa já sí. Ní May 6, 1980, ní ilé ọtí kan l'Ábẹ́òkúta, Àyìnlá àti ẹni tó ti jẹ́ mánéjà rẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀ alùpùpù. Ó dìjà, ife ọtí ba Àyìnlá lórí, ó parí. Kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún.

Kí wọ́n tó débẹ̀ ni bàbá kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà dìde. Awakọ̀ ni wọ́n nígbà kan, wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì láti Ewékorò. Wọ́n ní gáréèjì làwọn wà tí ìròyìn ikú náà fi dé, àwọn kò tún fẹ́ fojú rí i.

Wọ́n wá bi wá pé, "Alùpùpù tí wọ́n torí ẹ̀ jà yẹn, níbo ló wà báyìí?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo rọra ti kùmọ̀ sábẹ́ tábìlì télọ̀, mo gba ilé lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi bá wa dá sí i. Díẹ̀díẹ̀ ló ń san owó náà. Ó ṣì kù o! Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì wà láyé tá a jọ ń jiyàn lórí iye tó kù.