Ọmọ Ọdún Méjì Nílé Ìdáná

Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń dáná pẹ̀lú ọmọ ọdún méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló mọ bí òwe yìí ṣe jinlẹ̀ tó. Ọmọ tèmi kì í fi í mọ sọ́wọ́: bó bá tú gàrí lónìí, á da omi sínú iyọ̀ lọ́la.

Lọ́jọ́ kan tí mo ra èlùbọ́ àti epo pupa bọ̀ láti ọjà Odò-Ògbè, òjò ṣú, mo sáré lọ ká aṣọ lẹ́yìnkùlé. Kí n tó wọlé, ọmọ ti tú èlùbọ́ sínú abọ́ ìfọṣọ, ó da epo lé e, ó ń rò ó. Epo ti dé irun, ó ti dé ìdodo. Ó ní, "Màámi, àmàlà!" Inú bí mi, mo gbọ́wọ́ sókè. Ìyá ọkọ mi ló dá mi dúró: "Ìyàwó mi, wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ná." Mo wò ó. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há abọ́ náà gírígírí, gẹ́lẹ́ bí Màmá fúnra wọn ṣe máa ń há ìkòkò tí wọ́n bá ń ro àmàlà. Iṣẹ́ lọmọ ń kọ́.

Jean Piaget, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ṣọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ mẹ́ta láti kékeré. Ìwé tó gbé jáde ní 1936 fi hàn pé kí ọmọdé tó lè fẹnu béèrè, ọwọ́ ló fi ń béèrè: á fa nǹkan, á jù ú sílẹ̀, á wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Èlùbọ́ ṣeé gbá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ṣeé gbá. Àwọn alájọgbé wa kan bu kẹrosíìnì sínú ike omi, ọmọ wọn rò pé omi ni, ó gbé e mu. Ọmọdé ò moògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Wọ́n ti ń ṣí ìgò epo pupa kí ọmọ lè bì, àfi bí nọ́ọ̀sì tó ń gbé lójúlé kejì ṣe ké pé kí wọ́n má dán an wò. Bí ọmọ bá bì, kẹrosíìnì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló ti ń pani. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, Ọlọ́run sì dá a sí.

Látìgbà náà ni mo ti pín ilé ìdáná mi sí méjì. Kẹrosíìnì, sódà ọṣẹ, Izal, ọ̀bẹ àti ìṣáná wà lókè, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ ìkòkò kọjú sí ògiri. Síbẹ̀, bí omi gbígbóná bá ta sí ọmọ lára, omi ẹ̀rọ tútù tó ń ṣàn la ó máa dà sójú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. A ò ní fi ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín ra ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ jẹ́ tọmọ: igbá, ike, ọmọ orógùn kékeré. Bí mo bá fẹ́ se ewédú, òun ló ń bá mi já a. Ó máa ń já igi mọ́ ewé, màá ṣa igi kúrò, màá gbálẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbé ohun tó lè pa ọmọ sókè lónìí, kẹ́ ẹ tó dáná alẹ́. Èyí tó kù, ẹ jẹ́ kó bà á jẹ́ díẹ̀ kó lè mọ̀ ọ́n ṣe.