Orúkọ Tí Mo Fún Ọṣẹ

Ẹ̀bi mi ni. Atẹ̀wé ò jẹ̀bi, ọmọ àbúrò mi náà ò sì jẹ̀bi.

Ọṣẹ dúdú ni mò ń ṣe l'Abẹ́òkúta, eérú èèpo kòkó àti àdín, màá wá fi òrí kún un. Orúkọ ọmọ mi obìnrin ni mo fi pe ọjà náà: Gift. Àdúgbò wo la ò ti rí Gift nílẹ̀ yìí?

Ọmọ àbúrò mi tó ń gbé ní Hamburg ló bá mi rí ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ gbà á. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ fi fọ́tò ìwé tẹ́ ẹ máa lẹ̀ mọ́ ọn ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.” Mi ò fi ránṣẹ́. Kí lọmọ tí mo pọ̀n fẹ́ kọ́ mi nípa ọjà? Mo kó àjọ, mo kọrí sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, lẹ́tà pupa lórí dúdú.

Ní Jámánì, májèlé ni Gift. Rattengift ni wọ́n ń pe oògùn eku. Bí ọmọdé bá gbé ohun tí kò yẹ mì, Giftnotruf ni ìyá rẹ̀ máa sáré pè. Nígbà tí ọmọ àbúrò mi ṣí páálí àkọ́kọ́, ó pè mí lórí fídíò, kò tiẹ̀ kí mi. Ó kàn gbé ike kan síwájú kámẹ́rà. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á mọ ohun tí mo ní lọ́kàn, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Àmọ́ oníṣọ́ọ̀bù ní òun ò lè tò ó sórí pẹpẹ. Mi ò bá a jà.

Àwọn ará Jámánì ni mo kọ́kọ́ bú: irú èèyàn wo ló ń pe májèlé ní ẹ̀bùn? Ọmọ náà ló ṣàlàyé fún mi. Inú “geben”, tí í ṣe “fún” lédè wọn, ni Gift ti jáde, ẹ̀bùn náà ló sì jẹ́ láyé àtijọ́. Ó ṣì wà nínú Mitgift, ẹrù tí òbí ń dì fún ìyàwó lọ ilé ọkọ. Àmọ́ “dosis”, ìyẹn “fífún”, làwọn Gíríìkì ń pe ìwọ̀n oògùn tí wọ́n fún aláìsàn. Àwọn ará Jámánì tọ ipa yẹn, títí ohun tí a fún èèyàn fi di ohun tó pa á. Ní Sweden, gift ni májèlé, gift náà ni ẹni tó ti ṣègbéyàwó. (Mo rẹ́rìn-ín síyẹn, ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín.)

Àwa náà ńkọ́? Bẹ́nì kan bá kú ikú òjijì ládùúgbò, kí la máa ń sọ lábẹ́lẹ̀? “Wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ.” A ò ní dárúkọ májèlé rárá. Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ́, mi ò sì rò ó wò rí.

Owó tá a máa fi dá ọjà náà padà ju owó ọjà lọ. Lálẹ́, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọmọ àbúrò mi ń fi omi gbígbóná bó ìwé náà kúrò lára ike, ó sì ń tà á fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìdajì owó. Èmi ni mo kọ́kọ́ kó àjọ wa. Oṣooṣù ni mo ṣì ń dá owó ohun tó ti wọlẹ̀.