Láti Abẹ́òkúta dé Camden Road

Ìlú Abẹ́òkúta yìí, ibi ìsádi ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ogun lé àwọn baba wa kúrò nínú igbó Ẹ̀gbá, abẹ́ òkúta Olúmọ ni wọ́n kọ́kọ́ fi orí pamọ́ sí ní ọdún 1830, kí wọ́n tó kọ́ ilé. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó fi ọ̀ràn ibùsùn ṣeré. Ṣùgbọ́n lóde òní, nígbà tí àwọn òbí bá mú ọrẹ ìdúpẹ́ wá sí ilé Ọlọ́run nítorí ọmọ tí ó fẹ́ lọ kàwé ní Kánádà tàbí ní ilẹ̀ Japan, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà àti iye owó rẹ̀ ni a máa ń gbọ́ ní ẹnu wọn. Níbo ni ọmọ náà yóò máa sùn? Àwọn ìyá nìkan ni wọ́n ń béèrè èyí, àwa ọkùnrin a sì máa rò pé àníyàn obìnrin lásán ni. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ mú yín tọ ọ̀nà tí àwọn ọmọ Ẹ̀gbá àtijọ́ tọ̀ lọ sí ìlú Ọba, títí a ó fi dé ẹnu ọ̀nà ilé kan tí ọ̀kan nínú wọn ṣe làálàá kí ó tó ṣí i.

Ọ̀nà náà kò ṣòro í mọ̀. Láti ìgbà tí a ti ṣí ojú irin Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ọmọ Abẹ́òkúta lè wọ ọkọ̀ ní òwúrọ̀ kí ó sì dé Èkó kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti Èkó, ọkọ̀ òkun ni yóò gbé e lọ sí Liverpool. Aláké Gbádébọ̀ Kìíní rin ìrìn àjò òkun yìí ní ọdún 1904, Ọba Edward sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọba kì í wá yàrá kiri. Ní ọdún 1919, Fúnmiláyọ̀ Thomas, ẹni tí ó jẹ́ ọmọbìnrin àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Girama Abẹ́òkúta, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Wincham Hall ní Cheshire. Nígbà tí ó fi padà wálé ní ọdún 1922, ó ti ju orúkọ Frances Abigail nù. Òun ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Ìyáàfin Ransome-Kuti, tí ó ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nígbà ọ̀ràn owó orí.

Ní ọdún 1922 náà ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, tí a bí ní Abẹ́òkúta, dé Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa, ó sì ti kàwé ní Fourah Bay ní Sàró. Ohun tí ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú ní ìlú náà nígbà ayé rẹ̀ ni èyí: onílé yóò kéde pé yàrá ṣófo, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ṣí ilẹ̀kùn tí ó rí ojú dúdú, yóò ní ẹlòmíràn ti gbà á. Kò sí òfin tí ó dí onílé náà lọ́wọ́. Ní ọdún 1968 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi àwọ̀ ara du ènìyàn ní ilé.

Owó pẹ̀lú wọ́n Ṣólàńkẹ́. Kí ó lè rí oúnjẹ jẹ, ó ń kọ́ àwọn Òyìnbó ní èdè Yorùbá, àti ní oṣù kẹfà ọdún 1924 ó di ẹni àkọ́kọ́ tí ó sọ Yorùbá lórí rédíò. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí wé ìtàn kan láti ilẹ̀ Japan, nítorí àwọn ará ibẹ̀ náà ti rán ọmọ lọ sí òkè òkun rí. Ní ọdún 1871 ìjọba wọn rán ọmọbìnrin márùn-ún lọ kàwé ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó kéré jù nínú wọn, Tsuda Umeko, kò sì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Nígbà tí ó padà ní ọdún 1882, ó ti gbàgbé èdè ìyá rẹ̀. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn obìnrin sílẹ̀ ní ọdún 1900, a kò sì lè wí pé ìrìn àjò rẹ̀ já sí asán. Ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀gbá tí a ń sọ yìí, èdè ìyá rẹ̀ ni ó bọ́ ọ.

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 1925, Ṣólàńkẹ́ àti Dókítà Bankole-Bright ará Sàró kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlélógún jọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ inú orúkọ ẹgbẹ́ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni W, A, S, U. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò ní ṣàì mọ̀ pé wàásù ni, wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ̀ ni. Èmi tí mo ń dúró níwájú ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi kò lè ka orúkọ náà kí n má rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ilé ni wọ́n ń wá. Ní ọdún 1928 Marcus Garvey fún wọn ní ilé kan lò, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni. Ní ọdún 1929 Ṣólàńkẹ́ wọ ọkọ̀ òkun padà sí Áfíríkà láti tọrọ owó. Ẹ wo agbẹjọ́rò tí ìbá jókòó sí Èkó kí ó máa gba ẹjọ́, tí ó ń lọ láti ìlú dé ìlú fún ọdún mẹ́ta, ní Nàìjíríà, ní Gold Coast àti ní Sàró, tí ó ń ṣàlàyé fún àwọn ènìyàn tí kò ní dé Lọ́ńdọ̀nù láéláé ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ dá owó ilé tí wọn kò ní sùn nínú rẹ̀. Wọ́n dá a. Aláké wà lára àwọn ọba tí wọ́n di alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ náà.

A ṣí ilé náà ní ọdún 1933 ní Camden Road, ní apá àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Ṣólàńkẹ́ ni alábòójútó, ìyàwó rẹ̀, Ọpẹ́olú, ni ó sì ń tọ́jú ilé àti oúnjẹ. Ẹni tí ó bá ti gbé ilẹ̀ òtútù rí mọ ohun tí ó jẹ́ láti wọlé kí òórùn ọbẹ̀ ilé ẹni pàdé ẹni lẹ́nu ọ̀nà.

Ọdún kan lẹ́yìn èyí, àwọn ìjọba tí ń ṣàkóso ilẹ̀ wa nígbà náà ṣí ilé mìíràn tí wọ́n pè ní Aggrey House. Ilé dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ní kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́, nítorí wọ́n gbà pé a fẹ́ fi í ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Àwọn kan yóò pe èyí ní ìgbéraga, pé ẹni tí kò ní ibùsùn kì í yan ẹní. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó ń sùn sí ilé ẹni tí yóò máa ròyìn ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò tíì rí ilé. Nígbẹ̀yìn, ìjọba kan náà fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́, ní ọdún 1938 wọ́n sì ra ilé tí ó tóbi ní South Villas, ní Camden Square. Ní ọdún 1941, nígbà ogun, Attlee tí ó ń ṣiṣẹ́ bí igbákejì olórí ìjọba bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà sọ̀rọ̀, ó sì wí fún wọn pé òmìnira tí a ń jà fún kì í ṣe ti aláwọ̀ funfun nìkan. Lẹ́yìn ogun ni Kwame Nkrumah di igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ wọn. Ṣólàńkẹ́ kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958.

Òǹkàwé kan yóò wí pé ayé ti yí padà. Ó ti yí padà lápá kan. Ní ọdún 2017 ìjọba ilẹ̀ Japan gbé àbájáde ìwádìí kan jáde: nínú àwọn àjèjì tí wọ́n ti wá ilé gbà níbẹ̀, nǹkan bí 4 nínú 10 ni a ti kọ̀ nítorí pé wọ́n jẹ́ àjèjì. Ọ̀pọ̀ onílé níbẹ̀ ń béèrè onídùúró, ọ̀pọ̀ sì ń gba owó ọpẹ́ tí ó tó owó ilé oṣù kan tàbí méjì, èyí tí kò ní padà sọ́wọ́ ẹni tí ó san án láé. Àwọn yunifásítì ní ilé ibùgbé fún àwọn àjèjì, ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀ ọdún kan ni a fi ń gbé ibẹ̀, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó ọdún. Lẹ́yìn èyí, akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò di ẹrù rẹ̀, yóò sì lọ kan ilẹ̀kùn onílé.