Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ẹ̀yin ìyá, ó ti pẹ́ tí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń tọ́ aṣáájú. Ní 1896 ni St. Andrew's, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ní 1898 ni ti àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Láti Ọ̀yọ́ ni mo ti mú ọmọkùnrin mi lọ sí àgọ́ àwọn ọ̀dọ́ Kristẹni ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ sísọ láwùjọ ni wọn yóò kọ́ ọ. Abọ́ fífọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Ojú tì mí: kò fọ abọ́ rí, èmi ni mo ń bá a fọ̀ ọ́.

Nígbà tí mo padà lọ mú un, òun ló ń bu oúnjẹ fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Tirẹ̀ ló bù kẹ́yìn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má dúró de àgọ́.